Bàbá, Mo Fi Ọkọ̀ Gbá Bàálù

Bàbá mi, awakọ̀ tí kì í kánjú,

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi tí mo máa ń fo fèrèsé sá kúrò nílé ìwé nígbà tí olùkọ́ ṣì ń pe orúkọ, èmi náà ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣì rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ò mọ̀wé jù mí lọ, ẹ máa rí i kà.

Màámi wà dáadáa. Wọ́n ṣì ń gbá yàrá tí a sin yín sí láràárọ̀, wọ́n sì ń bá yín jà pé ẹ ò kúrò lọ́nà ìgbálẹ̀.

Mo ti níṣẹ́, Bàbá. Iṣẹ́ gidi, kì í ṣe ti epo ọkọ̀ inú ìgò tí mò ń tà lẹ́bàá títì mọ́. Pápá bàálù ni, ní Kútọnu. Ẹ̀rọ kan wà tó ní bẹ́líìtì gígùn, tó ń gbé àpótí èrò wọ ikùn bàálù. Èmi ni mò ń wà á. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Tokpota, mi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní bàálù gan-an ni mò ń wà. Màámi mọ òótọ́, síbẹ̀ wọ́n ń sọ fún àwọn obìnrin ìdí omi pé bí bàálù bá kọjá, kí wọ́n juwọ́ sí mi. Wọ́n sì ń juwọ́!

Ó dáa, ẹ jókòó. Mo fi ẹ̀rọ náà gbá bàálù. Bàálù tó dúró jẹ́ẹ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Òfin ibẹ̀ ni pé bí o bá ń sún mọ́ bàálù, wàá kọ́kọ́ dúró, wàá dán ìjánu wò, wàá wá dúró de ẹni tó wà nílẹ̀ tó ń fọwọ́ júwe fún ọ. Bí o ò bá rí ọwọ́ yẹn, má sún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Rosalie tó ń tọ́ àwọn èrò sọ́nà dúró nídìí àkàbà. Ẹ kúkú mọ ọmọ yín. Ọwọ́ kan ni mo fi ń wa ẹ̀rọ, mo yọ àyà síta bí àkùkọ. Cosme, ọ̀rẹ́ mi tó yẹ kó júwe, ṣì ń wọ ìbọ̀wọ́. Ta ló fẹ́ dúró de ìbọ̀wọ́? Mo wọlé tààrà.

Mo gbọ́ "kò". Kékeré báyìí, bí ẹni fìka kan ilẹ̀kùn. Ẹnu bẹ́líìtì ti tẹ bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ wọnú, kò ju ìdí agolo tòmátì lọ.

Cosme wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọ̀rẹ́, fi àkísà nù ún. Kò sẹ́ni tó rí wa."

Òótọ́ ni. Rosalie gan-an ti kọ̀yìn sí wa. Mo nù ún. Eruku lọ, ibi tó wọnú ò lọ. Bàbá, ara bàálù ò nípọn rárá. Wọ́n kọ́ wa pé ibi tó tẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀ lè ya tó bá dókè. Àwọn èrò sì ti ń jáde bọ̀. Ìyá kan pọn ọmọ, ó ń fi ọwọ́ bo ọmọ lójú nítorí oòrùn.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ tí a jọ lọ sí Houinmè. Ẹ̀ ń fi táksì yín rìn sẹ́yìn lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ha ọkọ̀ ẹnìkan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Ìlà tín-ín-rín ni. Mo ní ká máa lọ. Ẹ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ẹ ń dúró kí ìsìn parí, ẹ sì mọ bí àwọn aláṣọ funfun ṣe ń pẹ́ tó! Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọkùnrin náà jáde lẹ́sẹ̀ lásán, ó bú yín bí ewúrẹ́ tó jẹ gbàgúdá rẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, èmi ni." Ẹ sì ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ! Bí a ṣe ń lọ sílé, mo pè yín ní òmùgọ̀. Mo rò pé ariwo ẹ́ńjìnnì ti bò ó. Ṣé ẹ gbọ́? Látìgbà tí a ti sin yín ni mo ti ń fẹ́ bi yín.

Mo ju àkísà nù. Mo gbé apá méjèèjì sókè, mo fi wọ́n ṣe àgbélébùú, àmì pé kí gbogbo nǹkan dúró. Mo pariwo, "Èmi ni! Mo ti gbá a!"

Cosme káwọ́ lérí. "O ti pa ara rẹ."

Àwọn ọ̀gá pápá sáré dé, wọ́n ní ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà, kí wọ́n lè rí bó ṣe gbá a. Wọ́n to kónù pupa yí wa ká, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ní kí n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú nǹkan kan, bóyá mo ti mu ọtí sódàbì. Láàárọ̀ kùtù! Mẹkáníìkì fi ìwọ̀n wọn ibi tó wọnú, ó ní ó jìn ju èyí tí ìwé wọn gbà lọ, bàálù ò ní gbéra. Wọ́n dá àwọn èrò padà. Ìyá tó pọn ọmọ yẹn dé ọ̀dọ̀ mi: "Olórí ìkòkò! Ìgbéyàwó àbúrò mi ni mò ń lọ!" Mo kàn ń dọ̀bálẹ̀. Ó ṣáà wà láàyè láti bú mi.

Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kí n kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Faransé. Mo ní, "Màdáàmù, ẹ jẹ́ n yà á." Bàálù mi rí bí ẹja ẹ̀pìyà tí ewúrẹ́ ń kàn. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó yé mi." Ó gba káàdì awakọ̀ mi. Ó ní torí pé mo sọ ọ́ fúnra mi ni iṣẹ́ ò fi bọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ wa nǹkan kan títí n óò fi tún ẹ̀kọ́ kọ́.

Ní báyìí, èmi ni mò ń dúró nílẹ̀ júwe. Cosme ló ń wa ẹ̀rọ, ó sì máa ń kánjú. Mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ mi ní ìka kọ̀ọ̀kan. Kó tó tan ẹ̀rọ, mo máa ń yí i po, mo ń fọwọ́ pa á lára, bí ẹ ti ń ṣe sí táksì yín láràárọ̀ tí a fi ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń fi èmi náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ti sọ fún àwọn obìnrin ìdí omi pé mi ò wa bàálù. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, ó kàn ń dùn mọ́ àwọn láti máa juwọ́ ni.

Bàbá, nígbà tí ẹ jókòó de ọkùnrin yẹn, ṣé àyà yín já? Tèmi já. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí mo pè yín lọ́jọ́ náà, ẹ foríjì mí. Bó bá sì jẹ́ pé ohun tí ẹ ṣe yẹn ni ìwà òmùgọ̀, a jẹ́ pé mo ti jogún yín.

Mo fẹ́ràn yín.

Èmi ni, àrólé yín.