Ìrísí àti Pọ̀tétò ní Gyel

Màámi,

Ẹ bá mi yọ̀! Iṣẹ́ ìwádìí mi ti yege. Gbogbo ìrísí tí ìṣirò aljẹ́brà mi ń yà ni mo ti pín sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kò ku ẹyọ kan, Yunifásítì Jos sì ti fún mi ní oyè ọ̀mọ̀wé.

Àwọn ìyá tí mo máa ń bá ṣa pọ̀tétò ní Gyel níbí, lẹ́bàá Jos, rò pé pọ̀tétò ni mo fi gba oyè. Wọ́n ń fi Hausa yìn mí, "Madalla!" N ò bá wọn jiyàn. Láti ìgbà tí mo ti ní kí a máa ya ńlá kúrò lára kékeré kí a tó tà á, owó ń wọlé dáadáa; wọ́n ti fi páànù tuntun bo ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Ibi tí mò ń sùn dára, nínú ilé tí wọ́n ń kó pọ̀tétò sí. Àpò pọ̀tétò yí mi ká, òtútù ò rọ́nà wọlé.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Aṣọ òfì yín tó nípọn yẹn, ẹ ṣì lè fi ránṣẹ́.

Olúrẹ̀mí yín