Aṣọ Kákí Tenri

Olóòtú ètò rédíò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ èmi olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì yìí, ṣùgbọ́n ẹ lè pariwo ti ọmọ mi obìnrin, Tenri, kí gbogbo ìlú Makassar gbọ́.

Nígbà tó yege ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, mo sáré rán aṣọ kákí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ̀ fún un. Ló bá kọ iṣẹ́ náà, ó lọ ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe nílé iṣẹ́ aládàáni. Àbúrò bàbá rẹ̀, ọ̀gá ńlá nínú iṣẹ́ ìjọba, ní: "Ta ló máa fẹ́ obìnrin tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ ojú omi ìjọba tí ọ̀gá náà wọ̀ kú sáàárín omi. Tenri ni wọ́n ránṣẹ́ sí.

"Ìwọ náà kẹ̀?" ni ọ̀gá náà bi í.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ẹ́ńjìnnì ké, èrò pàtẹ́wọ́, ọ̀gá náà sì pàtẹ́wọ́.

Ní báyìí, Tenri ní kí n gé kákí yẹn kí òun máa fi nu epo. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gé e? Ẹ tètè fèsì o, sísọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ mi.