Mo Ti Géètì Mọ́ Ìyá Mi Kékeré

Ìkìrun, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́



Láàárọ̀, ẹnì kan ń kan géètì. Ẹnikẹ́ni ò pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀, mo bá pa rédíò, mo dákẹ́ sínú ilé. Bí a ti ń ṣe é l'Ékòó nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé ibẹ̀, mi ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè mi.

Ó di ọ̀sán kí bàbá tó ń lẹ táyà níwájú ilé tó gbé báàgì èsúrú fún mi. "Ìyá Ìnísà ní kí n fún yín. Wọ́n jókòó létí gọ́tà títí oòrùn fi le."

Ìyá mi kékeré! Àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn wá kí mi káàbọ̀ sílé.

Mo sáré lọ sí Ìnísà, mo kúnlẹ̀. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn sọ fún ìyàwó ilé pé, "Bá wa gbé àga fún àlejò."

Èmi tó jẹ́ pé orí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ni mo máa ń jókòó sí nínú yàrá yẹn...

Wọ́n sìn mí dé títì. Wọ́n dúpẹ́ pé mo wá.

Mo padà délé. Mo ti ti géètì kí n tó mọ̀.