Fọ́tò Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà o. Ara mi le, iṣẹ́ ìfọṣọ ń lọ dáadáa. Wọn ò fún mi níwèé tí mo fẹ́ fi mú ọmọ mi wá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè yìí, àwọn aṣọ́bodè bi mí pé ta ló wà nínú fọ́tò ọwọ́ mi, mo ní, "Àbúrò mi ni," wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣebí bá a ṣe ń pè é nílé nìyẹn, látìgbà tí ẹ ti gbà á tọ́? Akọ̀wé ọ́fíìsì wọn ṣí fáìlì mi lónìí, ó ní, "Màdáámù, nínú ìwé wa, ẹ ò bímọ rí." Mo rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ fún mi lómi.

Ẹ ní ọmọ náà ti ń kọ́ bó ṣe máa pè mí ní Mọ́mì. Kó fi sílẹ̀ ná. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kí i.