Omi Inú Bútà Ọkọ Mi

Ìyá mi, ṣé ara le? Èmi Ameenat ọmọ yín ni. Àwa wà dáadáa ní Sókótó. Ẹ ní fóònù Abdulwahab ọkọ mi kò lọ. Ó lọ ra àlùbọ́sà lóko ni, kò tíì dé. Wọ́n ní àwọn kan dá ọkọ̀ wọn dúró lọ́nà, ẹ má jẹ́ kó ká yín láyà.

Àwọn obìnrin àdúgbò ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń kí mi pẹ̀lẹ́, "sannu, sannu", bí ẹni pé mò ń ṣọ̀fọ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Ta ló kú fún mi?

Ní ìdájí ojoojúmọ́, mo ṣì ń rọ omi sínú bútà àlùwàlá rẹ̀. Tó bá di alẹ́ tí kò dé, èmi á fi ṣe tèmi. Ọlọ́run tí mo gbójú lé kò dójú ti ni rí.

Ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ ní Abdulwahab náà ń kí wọn.