Abọ́ Ẹ̀wà Tí Mi Ò Jẹ

Màámi àtàtà,

Wọ́n ní ọjọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀, oòrùn tíátà ilẹ̀ Yorùbá wọ̀ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní ẹ ti gun òkè iṣẹ́ náà dé ṣóńṣó, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ ò rí òkè mìíràn tó tó yín gùn, ni ẹ bá rọra sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ráyè. Alága ló sọ ọ́ ní Sátidé tó kọjá, níbi àpèjọ ìrántí àwọn òṣèré àtijọ́ tí wọ́n pè mí sí ní Òkóta. Agbádá wọn nìkan gba àga mẹ́ta. Máíkì kú lẹ́ẹ̀mejì, Alága ò dákẹ́. Ẹ mọ̀ mí, wọ́n lè fún tíṣà ní ìwé ìfẹ̀yìntì, orí rẹ̀ kì í fẹ̀yìn tì: mo ti mú bírò pupa lọ́kàn mi, mo ń fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Kí ni kí n sọ? Pé fíìmù kan ṣoṣo lẹ ṣe láyé yín? Pé ìsàlẹ̀ òkè yẹn lẹ ṣì wà? Ohun tí mo rò pé ó mú yín sọ̀ kalẹ̀ ò ga rárá. Abọ́ ẹ̀wà kan ni.

Ṣé ẹ rántí yàrá wa ní Ìsọlọ̀? Bàbá mi ti kú, àwa méjì péré la wà níbẹ̀, èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹgbẹ́ òṣèré kan ṣeré kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Ayé owó epo rọ̀bì ni. Bàbá Ràṣídà tó wà ní yàrá kejì sí tiwa ra fíríìjì nígbà tí iná ò tíì dé ilé wa, ni Ìyá Ràṣídà bá ń kó aṣọ sínú ẹ̀. Ara ọ̀gá ẹgbẹ́ yín náà ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ní eré orí ìtàgé ti di ti ará oko, fíìmù làwọn máa ṣe, gbogbo àgbáyé ló sì máa wò ó. Àgbáyé ò tíì gbọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ ṣe ìyáálé, ìkà obìnrin tó fi májèlé sí oúnjẹ ọmọ orogún rẹ̀. Ẹ ń kọ́ ojú ìkà níwájú dígí wa tó ti sán. Ẹ ó le ojú, ẹ ó fa ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ẹ ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ ó bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù kì í bà mí. Mo mọ dígí náà, mo sì mọ yín.

Ọ̀gá ò ra ohun èlò kankan fún fíìmù náà. Bí iṣẹ́ yín ṣe rí nìyẹn: kálukú ló ń mú aṣọ tirẹ̀ wá látilé, ìkòkò tirẹ̀, àwo tirẹ̀. Ẹ di tiyín sínú báàgì, ẹ bọ́ sọ́nà. Nígbà tí wọ́n yà á tán, wọ́n gbé fíìmù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ fọ̀ ọ́, èmi sì ń ronú irú ìdọ̀tí tó wà lára ẹ̀ tí omi Ìsọlọ̀ ò ká.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n fi hàn ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan l'Óṣòdì, lẹ́bàá ojú irin. Wọ́n fi ẹní àti aṣọ bo fèrèsé kí inú ilé lè ṣókùnkùn. Bí rélùwéè bá ń kọjá, a ò ní í gbọ́ nǹkan kan, ẹnu àwọn òṣèré á kàn máa ṣí, á máa pa dé, bíi ti ẹja. Ẹ jókòó tì mí, ẹ fa gèlè wálẹ̀ kí wọ́n má baà dá yín mọ̀. Bí ẹ ṣe da májèlé sínú oúnjẹ, obìnrin kan lẹ́yìn wa fò dìde.

“Ìyá ìkà! O ò ní í fojú rere lọ!”

“Ọmọ, má jẹ ẹ́ o! Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yẹn!”

Gbogbo gbọ̀ngàn ń ṣépè fún yín, ẹ di ọwọ́ mi mú gbọn-in, ẹ̀rín ń gbọ̀n yín lára. Mi ò rí i kí inú yín dùn báyẹn rí. Mi ò sì tún rí i mọ́.

Ṣùgbọ́n ojú mi ti kúrò lára yín. Abọ́ ni mò ń wò. Abọ́ tánganran mi ni, èyí tó ní òdòdó búlúù nídìí, tí etí rẹ̀ ti bó níbi tí mo ti jù ú mọ́ ògiri. Ẹ̀wà ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà jẹ ẹ́, ó ṣubú, ó kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ bu ẹ̀wà sínú abọ́ ọ̀hún, ẹ gbé e síwájú mi, ẹ fi ṣíbí kan etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo wò ó. Mo tì í padà sọ́dọ̀ yín.

Ìyá Ràṣídà tó ń fọṣọ lẹ́nu ọ̀nà rí wa, ó pàtẹ́wọ́. “Yéè! Ìyá ìkà, àṣírí ti tú o! Ọmọ yín ti mọ̀ yín!”

Ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ bu ṣíbí kan, ẹ jẹ ẹ́, ẹ la ẹnu kí n rí i pé ẹ ti gbé e mì. Ẹ na ṣíbí sí mi. Mo mi orí. Ẹ jẹ ìkejì. Mo mi orí. Báyẹn lẹ ṣe jẹ gbogbo ẹ̀ tán, ẹ̀yin tí ẹ̀wà kì í bá yín lára mu.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí ọ̀gá yín fi dé, nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù kejì, ẹ̀yin náà ni kí ẹ tún wá ṣe ìkà, torí àwọn èèyàn ti ń béèrè yín títí dé Apákùn. “Ìyá, ojú yín yìí, owó ni o!” Ẹ wo ọ̀gá. Ẹ wo èmi tí mo dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíì.” Wọ́n bẹ̀ yín, wọ́n bínú, wọ́n tún bẹ̀ yín, wọ́n lọ. Ẹ ra ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù, ẹ ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ ọlọ́mọ títí ojú yín fi di bàìbàì. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò yín lókìkí. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri níbi àpèjọ Òkóta ní Sátidé, ó fa ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin ṣe é dáadáa jù ú lọ.

Láti ọjọ́ ẹ̀wà yẹn, kò sí oúnjẹ tí ẹ gbé fún mi tí ẹ ò kọ́kọ́ tọ́ wò lójú mi. Mo di ọ̀gá ilé ìwé, irun mi funfun, mo wá kí yín nílé yín ní Jákàńdè, ẹ ó ṣì bu ṣíbí kan kí ẹ tó gbé abọ́ síwájú mi. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọmọ mi, pé ìyá àgbà ò lè gbójú kúrò lára ọbẹ̀ ẹlòmíì. Irọ́ ni mò ń pa, mo sì mọ̀. Ní ilé ìwòsàn, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ẹ fi mí sílẹ̀, mo gbé ògì gbígbóná wá. Èmi ni mo gbé e wá o, Màámi. Ẹ gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ kan etí abọ́, kó, kó, ẹ sì na ṣíbí sí mi. Mo jẹ ẹ́. Mo la ẹnu láti béèrè ohun tí mo ti fẹ́ bi yín láti kékeré, ni nọ́ọ̀sì wọlé.

Mò ń jẹ ẹ̀wà báyìí. Abọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìpẹtà ti gba etí rẹ̀. Bí mo bá bu oúnjẹ sí i, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó ki ṣíbí bọ̀ ọ́, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣì ń bọ̀ wá tọ́ ọ wò.

Èmi ni, ọmọ yín kan ṣoṣo, tí àárò yín ń sọ níwájú gbogbo oúnjẹ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wá yẹn, Màámi, ṣé ó wù yín láti lọ?