Ìbéèrè tí Mo Fẹ́ Kí Ẹ Bi Ánà Mímọ́

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Amúwo-Ọ̀dọ̀fin,
                                        Èkó.
                                        11 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Juliana,

Ó di ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí tí a sin yín, tí a sì padà sílé láìsí yín. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé orúnkún yín ti sinmi? Ìyá wa àti bàbá wa ńkọ́? Mi ò ní béèrè bóyá iná ń wá déédéé lọ́hùn-ún. Bí kò bá ń wá, a jẹ́ pé Festac náà lẹ ṣì wà.

Ara wa le. Seth, ọmọ yín kan ṣoṣo, ló le jù. Ilẹ̀ ibojì yín kò tíì gbẹ tó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n Bíbélì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, a dé sí pálọ̀ yín fún àdúrà Ánà Mímọ́ bí a ti máa ń ṣe. Margaret náà wá, obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà wa tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́jọ. Seth dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní àdúrà ti parí nínú ilé òun. Ó ti di ère Ánà Mímọ́ yín sínú páálí.

"Àǹtí Bùnmí, ẹ ṣí Bíbélì, ẹ fi ibi tí wọ́n ti dárúkọ ìyá Màríà hàn mí."

Mo ní kò sí níbẹ̀. Ṣebí Fádà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa: inú ìwé àtijọ́ kan ni orúkọ Ánà àti Jòákímù ọkọ rẹ̀ ti wá, àti bí wọ́n ṣe sunkún ọmọ kí wọ́n tó bí Màríà. Ìjọ kò ka ìwé náà mọ́ Ìwé Mímọ́, ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ ìgbà láéláé fẹ́ràn ìtàn náà, Ìjọ sì di orúkọ àwọn méjèèjì mú.

"Ẹ ò rí i? Àròsọ ni!"

"Seth, amòye mélòó lẹ kó jáde nínú eré Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì yín?"

"Mẹ́ta."

"Ṣí Bíbélì, ka iye wọn fún mi."

Ọmọ yín ṣí Mátíù. Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀, bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sínú yanrìn. Ó ní, "Ẹ̀bùn wọn jẹ́ mẹ́ta."

Mo ní, "Nígbà ìsọmọlórúkọ rẹ, èmi nìkan gbé ike ìwẹ̀, ìlẹ̀dìí àti àwọ̀n ẹ̀fọn wá. Ṣé èèyàn mẹ́ta ni mí?"

Margaret rẹ́rìn-ín títí tó fi gbá ògiri mú. Seth kò rẹ́rìn-ín, kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní aṣọ lóòótọ́; àkísà ni kò tíì ní. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi sunkún níwájú ère yẹn kí ẹ tó bí i. Mo wo aṣọ dúdú tó wà lọ́rùn rẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Òun náà ń ṣọ̀fọ̀ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti sún mọ́ obìnrin náà báyìí, ẹ bá mi bi í bóyá Ánà lorúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Bó bá ní Ṣadé ni wọ́n ń pe òun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Seth gbọ́. Ẹnì kan kúkú bí Màríà; a ò lè máa pè é ní lágbájá.

Ẹ bá mi kí ìyá àti bàbá wa. Mo ti gbé páálí náà wá sí Amúwo, Margaret ló bá mi dì í mú nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àdúrà ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ní dáwọ́ dúró. Pálọ̀ mi ni a ó ti máa ṣe é.

Èmi ni àbúrò yín tí àárò yín ń sọ,
Adébùnmí